Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Dàgbà ní Ajégúnlẹ̀

Nínú gbogbo kíláàsì wọn, kò sẹ́ni tó mọ ilé Labeebah. Tí wọ́n bá bi í pé, "Níbo lò ń gbé gan-an?" á ní, "Kétu ni." Tí ẹni náà bá tún fẹ́ mọ̀ pé Kétu apá ibo, á ní, "Ẹ̀yìn Kétu," á sì yára bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Irọ́ kọ́ pátápátá, torí Kétu ló ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí iléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Kétu tó ń wí yìí jìnnà díẹ̀ o. Ẹ máa kọjá Mile 12, ẹ máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Owódé Onírin, ẹ máa wá gba títì oníyẹ̀pẹ̀ sọ̀kalẹ̀ títí tí òórùn odò á fi kí yín káàbọ̀. Ibẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wọn wà. Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti Àpápá tí gbogbo ayé mọ̀. Etí Odò Ògùn ni tiwọn, níbi tí omi ti máa ń wọlé wá kí wọn bí àna tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

Ọdún 2009 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Labeebah wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, Jọ́gíráfì ló ń kọ́. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, á fi píìnì mẹ́ta de híjáábù rẹ̀ kó má baà yẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Suwebat, ìyá rẹ̀, ń ta ata rodo ní Mile 12. Bàbá rẹ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀ tòmátò lọ sókè Ọya, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó délé. Gbogbo ìsọ̀ alátá ló ti gbọ́ pé ọmọ Suwebat máa wọ káákì àgùnbánirọ̀ lọ́dún náà. Suwebat tiẹ̀ ti ra bẹ́líìtì dè é. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìjọba ló ń fún wọn ní bẹ́líìtì, ó ní, "Kó wá ní méjì. Ta ni méjì pa rí?"

Project nìkan ló kù. Ohun tí Labeebah ń wádìí ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mọ̀ nípa climate change, bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà àti ohun tó ń fà. Ó pín ìwé ìbéèrè fún ọgọ́fà èèyàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀ rí? Gbogbo wọn pátá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kejì ni pé, kí ni? Ibẹ̀ lẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ọyẹ́ tó pẹ́ kó tó dé ni. Ẹnì kan ní ihò tí èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn ará Èkó lu sójú ọ̀run ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ọ̀yà kan kọ ojú ìwé méjì gbáko, kò sì dáhùn ìbéèrè kankan. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù ẹ̀ nìkan ló kọ síbẹ̀, ó ní tí Labeebah bá pè é, òun á ṣàlàyé lẹ́nu.

Nígbà tó wá dórí ohun tó ń fà, ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ pé yìnyín ń yọ́ lókè òkun, pé àwọn bíárì funfun ò ríbi dúró sí mọ́. Ọgọ́fà èèyàn! Mẹ́sàn-án péré ló dárúkọ Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àdúgbò tirẹ̀.

Bánjí tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì tiẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Bánjí yìí, àdúgbò Anthony ló ní òun ń gbé, bàtà ẹ̀ sì máa ń dán bíi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ rí.

"Labeebah, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni climate change jàre," ló wí. "Àwa tí òógùn ti ń bọ́ lára wa látijọ́ aláyé ti dáyé, kí ló tún fẹ́ gbóná fún wa?"

"Ìwọ ni nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì," ni Labeebah dá a lóhùn. "Mo ti rí ìwé ẹ. O kọ 'global warming' o fi 'n' méjì sí i."

Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì.

Lọ́jọ́ Túsìdeè ló gbé ìwé náà lọ bá supervisor tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, Dókítà Ọlábámijí. Obìnrin ni, ó so gíláàsì ojú ẹ̀ mọ́ okùn sọ́rùn, ó sì máa ń jẹ ẹ̀pà sísun bó bá ń kàwé. Tẹ́ ẹ bá gba project yín padà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ gbọn èèpo ẹ̀pà dànù ná.

"Labeebah, iṣẹ́ yìí dáa," ni Dókítà wí.

"Ẹ ṣé, Mà."

"Ṣùgbọ́n kò tíì délé."

Labeebah gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

"Ọgọ́fà èèyàn ló sọ fún ẹ pé yìnyín ń yọ́ níbi tí ẹnì kankan nínú wọn ò dé rí. O wá kọ ọ́ pé wọn ò mọ ti ilé. Ìwọ tó kọ ọ́ ńkọ́? O mọ ti ilé?" Dókítà fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lórí ìwé. "Odò ò wọ́n l'Ékòó. Lọ wá ilé kan létí omi, kí o bá mi wá ibi tí omi ga dé níbẹ̀, láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Nọ́ńbà ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ ìtàn. Jímọ̀ lẹ máa ṣe presentation. Tí kò bá sí níbẹ̀, mi ò ní buwọ́ lù ú. Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀, Mà?"

"Ṣé mo sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n ni?"

Ẹlòmíràn ì bá bú sẹ́kún níbẹ̀. Labeebah jáde, ó bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Kí ló dé? Ògiri pálọ̀ wọn ni. Gbogbo ìgbà tí omi bá wọlé tó sì padà lọ, ìyá rẹ̀ á mú èédú, á fa ìlà sí ibi tí omi ga dé lára ògiri. Labeebah fúnra ẹ̀ ló máa ń kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, látìgbà tó ti wà ní pírámárì, tí nọ́ńbà éjì ẹ̀ ṣì ń kọjú sẹ́yìn. Ọdún mẹ́wàá wà lórí ògiri náà, ó tò bí àkàbà. Ó máa dà á kọ, á pe ilé náà ní "Ilé A, létí Odò Ògùn". Ta ló máa mọ̀ pé ilé wọn ni? Káákì ti délé!

Ohun tó gbàgbé ni pé òun kan náà ló ti ń pariwo létí ìyá ẹ̀ láti ọdún méjì pé, "Mummy, ẹ jẹ́ ká kun pálọ̀ yìí. Ìlà yìí ń dójú tì mí. Bí ẹni tí adìyẹ ń kọ̀wé sára ògiri ẹ̀ ni."

Òórùn ọ̀dà ló kọ́kọ́ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Suwebat dúró sáàárín pálọ̀, ó wé ìlàjì gèlè, ọ̀dà tò kínní-kínní sí i nímú bí ẹni tó ní ṣọ̀pọ̀ná aláwọ̀ ewé. Gbogbo ògiri ti di àwọ̀ ewé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó ń dán.

"Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó ìjọba!" ló ké. "Wòye! Ṣé ojú ṣì ń tì ẹ́ báyìí?"

Labeebah ń fojú wá ìlà èédú kan ṣoṣo lára ògiri.

"Mi ò lọ sọ́jà lónìí. Mo ní kí n yà ọ́ lẹ́nu. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kò sí èédú kan tó ṣẹ́kù lójú ẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ní tí mi ò bá ha á, á tún jáde. Mo ní á jáde kẹ̀? Lójú tèmi?" Ó kọjú sí ọmọ ẹ̀. "Kí ló dé tóò sọ nǹkan? Ṣé àwọ̀ yẹn ò dáa ni?"

"Ó dáa, Mummy," ni Labeebah wí. "Ó dáa gan-an ni."

Kí ló tún fẹ́ wí? Ìyá tó fi ọjọ́ ọjà kun ògiri torí ọmọ, ẹ wá fẹ́ sọ fún un pé ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha sátífíkéètì ọmọ ẹ̀ dànù? Ó dúró kí ìyá ẹ̀ wọ kíṣìnnì lọ, ó wá fi èékánná ha igun kan wò. Sìmẹ́ńtì ló rí. Mummy ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Ó wọ yàrá ẹ̀, ó ní kí òun gorí bẹ́ẹ̀dì kí òun sunkún ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń jókòó lé o. Ó ga. Àpótí lẹ máa kọ́kọ́ gùn kí ẹ tó dé orí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì dìde jókòó láìronú, fáànù lè bá yín gẹ irun. Labeebah ti ń gun àpótí yìí láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, omijé ò jẹ́ kó ríran, ẹsẹ̀ ẹ̀ tàsé, àpótí yí, òun àti àpótí sì gbalẹ̀ gbìì.

"Kí ló wó yẹn?" ni Suwebat pariwo láti kíṣìnnì.

"Kò sí nǹkan, Mummy! Èmi ni."

Ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, tó ń fọwọ́ ra ìdí, tó dojú kọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ti ń rí lójoojúmọ́ ayé ẹ̀. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Igi dúdú kan wà lókè, wọ́n kan igi pupa mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n tún kan òmíràn tó funfun mọ́ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló tò títí tó fi kanlẹ̀. Ó kà á: oríkèé márùn-ún.

Ló bá dìde, ó sá jáde láìwọ bàtà, ó di ilé Uncle Shittu.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Shittu Káfíńtà, kò sí bẹ́ẹ̀dì kan lágbègbè náà tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó. Tí omi bá wọlé, tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ni wọ́n máa ń sáré pè. Á ká ṣòkòtò, á wọnú omi, á fi ìkúùkù ọwọ́ ẹ̀ kan lé ojú omi, ibi tí orí ìkúùkù náà bá dé, ibẹ̀ ló máa gbé bẹ́ẹ̀dì ga dé. Á wá kan igi mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìkúùkù kan, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀dì tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, onílé á rò pé ẹ̀ ń ṣépè fún òun.

"Uncle Shittu, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀dì mi!"

"Ó ti wó?" Shittu gbé ayùn sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣe kì í wó. Ìwọ lo wó."

"Ẹ ṣe mọ̀?"

"Yẹ̀pẹ̀ wà nídìí ẹ."

Ó bá a délé, ó kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà. "Èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi bí bẹ́ẹ̀dì. Ṣó o rí apá yìí? Mo kàn án ní ọdún tí wọ́n sọ àbúrò ẹ lórúkọ, tí ìyá ẹ ń pariwo pé omi ò ní gbé jòjòló òun lọ. Ọdún tẹ́gbọ́n ìyá ẹ kó wá sọ́dọ̀ yín ni igi àfàrá yìí. Igi ọmọ̀ lèyí, ọdún tí ìyá ẹ kọ́kọ́ ra fóònù, tó jẹ́ pé fóònù ló ní ká kọ́kọ́ gbé sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó kan ẹ̀yin ọmọ. Eléyìí, ìwọ ń kàwé JAMB ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí omi. Èyí tó kanlẹ̀ yìí ni ti èṣí, òun ló gùn jù."

Labeebah ti gbé téèpù. Ó wọn ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan tí Shittu kàn mọ́ ọn, ó yọ íǹṣì mẹ́rin kúrò fún ìkúùkù Shittu. Omi ọdún àkọ́kọ́, íǹṣì mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà, méjìdínlógún. Lẹ́yìn náà, mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà, márùndínlọ́gbọ̀n. Ti èṣí, méjìlélọ́gbọ̀n. Ó tún wọn ti ìkẹyìn yẹn kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó rántí pé itan òun ni omi náà dé, kò sì mọ̀ nígbà náà pé nọ́ńbà ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè, Shittu mú un wọ ilé mọ́kànlá. Ní ilé Ìyá Ajarat, bẹ́ẹ̀dì ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ ti fi abẹ́ ẹ̀ ṣe ilé. "Ẹ wá wo tọkọtaya yìí," ni Ìyá Ajarat wí, tó nawọ́ sí ewúrẹ́ méjì. "Àwọn ni wọ́n ń gbé nísàlẹ̀, èmi ni mò ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Nínú ilé mẹ́wàá nínú mọ́kànlá náà, oríkèé wọn bá ti Labeebah mu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ìkọkànlá ti pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Inú Labeebah ń dùn, ó ń dà á kọ, "Ilé A, Ilé B, Ilé C..." Shittu wo ìwé náà.

"Tíṣà, wọ́n á gbà á gbọ́ báyìí?"

"Mo kọ nọ́ńbà síbẹ̀ nà, Uncle."

"Èmi náà lè jókòó sídìí ayùn mi kí n kọ nọ́ńbà. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni kó o gbé lọ."

"Ẹ̀n?"

"Gbé ẹsẹ̀ kan lọ. Igi kì í purọ́."

"Uncle Shittu, wọ́n á bi mí pé bẹ́ẹ̀dì ta ni o!"

Shittu wò ó. Ó mọ̀. Ta ni ò mọ̀ l'Ájégúnlẹ̀ pé ọmọ Suwebat máa ń sọ fún wọn níléèwé pé Kétu lòun ń gbé? "Kí o sì sọ fún wọn," ló wí. "Bẹ́ẹ̀dì tó gbé ẹ tó o fi wọ yunifásítì, ṣé ó yẹ kójú ẹ̀ tì ẹ́?"

Labeebah pa ìwé ẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kó tó jáde, Shittu ti tú ẹsẹ̀ kan, ó sì to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní íǹṣì mẹ́sàn-án síbẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Suwebat ti lọ sọ́jà, kò mọ nǹkan kan.

Kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì Kétu rí i tó gbé igi gbágungbàgun wọlé, ó yẹ̀ fún un. "Aunty, ẹjọ́ ọkọ ni àbí ti lánlọ́ọ̀dù?"

"Ti supervisor ni."

"Ẹ jókòó síwájú, Aunty. Ẹni kankan ò ní jókòó tì yín."

Kíláàsì kún. Clara, ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtàtà, ló kọ́kọ́ rí igi náà. "Labeebah, kí lo gbé lọ́wọ́ yìí? Ṣé o fẹ́ lu Dókítà ni?"

Nígbà tó kan Labeebah, ó sọ ti ìwé ìbéèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín ibi tó yẹ. Ó dé ibi ilé létí odò. Ẹ wo bó ṣe di igi náà mú bí ẹni tó di ọwọ́ ìyá ẹ̀. Dókítà ti dáwọ́ ẹ̀pà dúró.

"Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nìyí," ni Labeebah wí. Ó ṣàlàyé oríkèé àti ìkúùkù, ó ka nọ́ńbà márààrún.

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni?" ni Dókítà bi í.

Ibẹ̀ ló dé. Labeebah wo Clara, ó wo bàtà Bánjí tó ń dán, ó wo igi.

"Tèmi ni, Mà. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, lẹ́yìn Owódé Onírin. Orí ẹ̀ ni mo sùn lálẹ́ àná."

"Ṣebí o ní Kétu!" ni Clara ké.

"Ẹ̀yìn Kétu ni mo wí. Ẹ̀yìn ni ẹ ò gbọ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà gbá tábìlì. "Ẹ dákẹ́! Labeebah, ọdún tí omi ò ga tó ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Igi ẹ ò lè sọ ìyẹn."

"Rárá, Mà. Ọdún tí omi bá kéré, a kì í pe káfíńtà. Ọdún tó bá ga jù ti tẹ́lẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"O wá lè fi èyí sọ pé climate change nìkan ló fà á?"

"Rárá, Mà. Wọ́n ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi. A ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, ilé wa náà ń dà á. Wọ́n sì ń ṣí omi dáàmù láti òkè tí òjò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n òjò yẹn gan-an, àwọn àgbà ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo lè fi búra ni pé omi ń ga, àwa sì ń gòkè pẹ̀lú ẹ̀."

Ohùn kan wá dún lẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń gbé tiwa."

Bánjí ni. Gbogbo ojú yí sí i.

"Tìẹ níbo?" ni Clara bi í. "Anthony?"

"Àgbọ́yí," ni Bánjí wí, tó ń wo bàtà ẹ̀. "Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti máa ń wá. Mo máa ń mú bàtà yìí dání ni, tí mo bá gúnlẹ̀ ni mo tó ń wọ̀ ọ́."

Yéè! Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní lábù kẹ́mísìrì sá jáde pé kí ló jó. Labeebah nìkan ni kò pariwo. "Nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì," ló wí, "o máa padà dáhùn ìbéèrè ẹ ni o."

Dókítà Ọlábámijí fa bírò yọ, ó buwọ́ lù ú lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí Labeebah fi igi náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì òun.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi í sílẹ̀," ni Labeebah wí. "Orí ẹ̀ ni mo máa sùn lálẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ ló délé. Suwebat ti dé, ó sì ti rí búlọ́ọ̀kù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó káwọ́ gbera.

"Níbo ni ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi wà?"

Labeebah gbé e jáde lẹ́yìn ẹ̀. Ó jókòó, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀: ọ̀rọ̀ Dókítà, ògiri, ìdí tí kò fi lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Suwebat tẹ́tí, ojú ẹ̀ ń tóbi sí i.

"Ìlà wo? Ìlà tó o ní ó ń dójú tì ẹ́?"

"Òun ni, Mummy."

"Tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha, tí apá ń dùn mí dòní?"

"Òun ni."

"O sì dúró, o ní ó dáa gan-an ni!" Suwebat fọwọ́ gbá itan, ẹ̀rín gbé e lọ títí tó fi jókòó sílẹ̀. "Wọ́n ti wá buwọ́ lù ú?"

"Wọ́n ti buwọ́ lù ú."

"Alhamdulilahi. Ó yá, dìde."

Ó wọ kíṣìnnì, ó mú èédú méjì bọ̀, ó na ọ̀kan sí ọmọ ẹ̀. Labeebah dorí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kodò, ó gbé e dúró ti ògiri tuntun, ó fi téèpù yọ ìkúùkù Shittu kúrò níbi tí igi kọ̀ọ̀kan parí sí, ìyá ẹ̀ ń fa ìlà, òun ń kọ ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, kí ẹni tó bá wọlé lè kà á láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí ìkarùn-ún, Suwebat sún sẹ́yìn, ó fọwọ́ nu imú, ó fi èédú kun ún, ó sì yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹ ò rí i," ló wí, "ó tiẹ̀ bá àwọ̀ ewé yẹn mu."